Nọ́ńbà Tí Kò Ní Àkọlé

Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ wọ ilé ìránṣọ náà, kọ̀ǹpútà ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ibi tó dára tó láti gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kà. Kò rí. Gbogbo àga ló kún fún aṣọ, òwú àti èérún aṣọ ló sì bo ilẹ̀. Ló bá gbé e ka orí tábìlì Agéṣọ.

Agéṣọ wo kọ̀ǹpútà, ó wo Ẹnjiníà, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gé aṣọ lórí tábìlì yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbé ife omi lé e rí.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ẹnjiníà," ló wí. "Ṣé ààyè gbà yín dáadáa?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọmọdé ni Ẹnjiníà sí i. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bí Agéṣọ bá ti ń fi "ẹ" bá ẹni tó lè bí lọ́mọ sọ̀rọ̀, ẹ̀gàn ni, kí onítọ̀hún tètè máa wá ibi sá sí. Ẹnjiníà ò mọ ìyẹn. Ó rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ààyè gba òun, kí wọ́n ṣáà bá òun ká aṣọ funfun yẹn kúrò lẹ́bàá wáyà.

Ẹ̀gbọ́n Agéṣọ obìnrin ló dá ilé ìránṣọ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méje ló wà níbẹ̀, mẹ́fà ń ṣiṣẹ́, ìkeje ò ṣe ju kí wọ́n máa fi kóòtù kọ́ ọ lọ. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé kí ọdún tó parí, òun á fi ilé ìránṣọ lé ẹnìkan lọ́wọ́, òun á lọ sinmi. Ta ni ẹnìkan ọ̀hún? Agéṣọ ò tilẹ̀ rò pé ìbéèrè ni. Òun àbúrò tó bá a jẹ ìyà láti ìgbà tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà, òun tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ ìwọ̀n ìbàdí obìnrin tó ń kọjá lódìkejì títì, ta tún ni? Àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe pe òun àti Ẹnjiníà jókòó lọ́jọ́ kan.

"Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí a gbà yìí ni mo fẹ́ fi wo ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ọjọ́ ìbúra wọn ni wọ́n máa wọ aṣọ náà. Àbúrò mi, ìwọ ni kí o gé e. Ọkọ ọmọ mi, ìwọ ni kí o kó ìwọ̀n wọn sínú kọ̀ǹpútà rẹ, ká lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé tó ń fa ya yìí. Èyí tí mo bá rí i pé ó lè gbé ilé yìí dúró nínú yín, òun ni mo máa fà á lé lọ́wọ́."

Agéṣọ yọ ṣùtì ètè. Kí wọ́n fi òun wé ẹni tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́! Ó ní ó dára, kò burú.

Ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ yìí, ìwé ìwọ̀n Agéṣọ ni. Bí o bá ṣí i, nọ́ńbà lo máa rí, nọ́ńbà nìkan. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ lápá òsì, ìwọ̀n mẹ́fà lápá ọ̀tún: 15, 36, 29, 40, 42, 9. Kò sí àkọlé kankan lókè. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé èjìká ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, sí ìbàdí, sí ìdí, kí wọ́n tó wọn gígùn aṣọ látòkè délẹ̀, wọ́n á wá fi apá kádìí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn, bí àwọn náà ṣe ń kọ́ni nìyẹn. Ẹnìkan bi Agéṣọ nígbà kan pé kí ló dé tí kò kọ orúkọ wọn sókè. Ó ní ta ló ń kọ "imú" sórí imú ara rẹ̀?

Ẹnjiníà gba ìwé náà, ó ṣí i wò, ó ní ó yé òun. Kò béèrè ohunkóhun. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó jọ pé òwe yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé. Ó ti ṣètò ibi tó máa kó nọ́ńbà sí láti ilé. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ṣètò rẹ̀? Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó látòkè wá sílẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó rí: èjìká, àyà, gígùn. Lẹ́yìn náà ló tó rántí pé obìnrin ní ìbàdí. Ó fi ìyẹn kún un, ó fi ìdí tẹ̀lé e, ó fi apá parí rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fẹ́ ìyàwó o.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó pe ìyá ìyàwó rẹ̀ wá síwájú kọ̀ǹpútà.

"Màmá, ẹ wò ó. Tábìlì là ń pe èyí."

"Tábìlì kẹ̀?" ni Agéṣọ wí látẹ̀yìn. "Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi yìí ńkọ́, kí là ń pè é?"

Àwọn aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

"Ìlà kan fún ẹnìkan, Màmá," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àyè méje: nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwọ̀n mẹ́fà. Tí mo bá fẹ́ fi ìlà tuntun kún un, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé." Ó tẹ̀ ẹ́ gàràgàrà:

INSERT INTO iwon VALUES (1, 15, 36, 29, 40, 42, 9);

"Èyí tó ṣáájú yìí ń sọ fún un pé kó fi nǹkan sínú tábìlì. 'Iwon' ni orúkọ tábìlì. VALUES, ìyẹn ni pé àwọn nǹkan tó máa fi síbẹ̀ ló tẹ̀lé e."

Ìyá àgbà náà sún gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Báwo ló ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ èjìká nínú wọn?"

"Ó ń tò wọ́n ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ni, Màmá. Àkọ́kọ́ sí àyè àkọ́kọ́, ìkejì sí àyè kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn lè kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn àyè náà kó tó kọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣèyẹn. Ó ń fi àsìkò ṣòfò."

"Tí èjìká bá wá lọ jókòó sáyè ìdí ńkọ́?"

"Kò lè ṣẹlẹ̀. Tí àṣìṣe bá wà, ẹ̀rọ á pariwo." Kí ó lè fi dá a lójú, ó fi nọ́ńbà kan lé àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́tà pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ rí i? Ó ní nọ́ńbà tí mo kó wá pọ̀ ju àyè lọ, òun ò gbà. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ."

Ìyá náà mi orí. Ojú rẹ̀ ò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Agéṣọ tó ni ìwé náà mọ bó ṣe tò, ó kàn lè sọ pé, "Ọmọ mi, wá, bí nọ́ńbà mi ṣe ń lọ rèé." Gbólóhùn kan ni. Ó kọ̀ láti sọ ọ́. Wọn ò bi í, ta ló máa ń dáhùn ohun tí wọn ò bi í?

Odidi ọjọ́ kan ni Ẹnjiníà fi tẹ ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń súfèé. Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà ní ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti wọlé, kò sí lẹ́tà pupa kankan. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ó tẹ ìwé jáde, ìwé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó tò wọ́n létòlétò, ó sì gbé wọn síwájú Agéṣọ bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

Agéṣọ mú èyí tó wà lókè. Èjìká, 15. Àyà, 36. Gígùn, 29. Ìbàdí, 40. Ìdí, 42. Apá, 9.

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi yé e. Gígùn íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún ọmọbìnrin yẹn! Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ọmọ gíga kan ni, ó dúró níbí, ó ń ṣàwàdà pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun lè mí nínú aṣọ yìí, nítorí ti tẹ́lẹ̀ fún òun lọ́rùn pa. Ìbàdí ọmọ náà ni ó di gígùn. Ìdí rẹ̀ di ìbàdí, gígùn di ìdí. Ó ṣí ìkejì wò, bákan náà. Ó ṣí ìkẹwàá wò, bákan náà ni. Gbogbo wọn ló ti ṣípò.

Inú Agéṣọ dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ tó ní ẹ̀rọ òun ò ṣeé rẹ́ jẹ ti rẹ́ ara rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí òun bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ọmọ náà á tún un ṣe ní wákàtí méjì, aṣọ á bá àwọn ọmọ náà mu, ìyá ìyàwó rẹ̀ á yìn ín, ilé ìránṣọ á di tirẹ̀. Bí òun bá gé e bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ayé á rí i. Ilé ìránṣọ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

"Ẹnjiníà," ló pè é, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tó wà nínú ìwé yìí gẹ́lẹ́ ni kí n gé?"

"Gẹ́lẹ́ ni, Bàbá. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

"Ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀. Arúgbó ti ń dé, mo máa ń gbàgbé nǹkan."

Ẹnjiníà kọ ọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó kọ déètì, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Agéṣọ ká ìwé náà sápò.

Nígbà tó gbé ṣọ́ọ̀kì lé aṣọ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan, ọwọ́ náà mọ ibi tó yẹ kó lọ, ó fẹ́ máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Agéṣọ ní láti fà á padà. Ó fa ìlà síbi íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e. Ìkejì rọrùn jù ú lọ. Nígbà tó máa fi dé ìkẹwàá, ọwọ́ náà ti gbà.

Ìyá àgbà ò sí nítòsí lọ́sẹ̀ náà, ikọ́ dá a dúró sílé. Ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ gbé ẹ̀wù kan sókè, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé ọmọ aláàbọ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rán èyí fún ni?"

"Ohun tí kọ̀ǹpútà wí nìyẹn," ni Agéṣọ dá a lóhùn. "Ìwọ fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rán an. Wọ́n rán gbogbo ẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì fi kọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìbúra náà wáyé nígbà tí Olórí Nọ́ọ̀sì kó akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún wá láti wọ̀ ọ́ wò. Ìyá àgbà ti dìde àìsàn, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnjiníà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ táì. Akẹ́kọ̀ọ́ kìn-ín-ní, ọmọ gíga yẹn, gba aṣọ, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. Wọ́n retí rẹ̀ títí.

"Kí ló dé?" ni Olórí Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Mà, mi ò lè jáde."

"Jáde síbí jàre!"

Ó jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ mú, ó ń fà á sísàlẹ̀, aṣọ ò sì rí ibi tó ń lọ. Ó tán sókè itan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀ débi pé ẹlòmíì lè bá a wọ inú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò gbójú sókè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí omi lójú rẹ̀, wọ́n gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ṣé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ," ni Olórí Nọ́ọ̀sì wí, "àbí wọ́n ń lọ lúwẹ̀ẹ́?"

Ẹnjiníà ti sáré mú ìwé tó tẹ̀ jáde. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwọ̀n Agéṣọ, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà, ó ń tọ̀ ọ́, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àsìkò tí Agéṣọ ti ń dúró dè látọjọ́ mélòó kan nìyí. Ó dìde, ó wú ikọ́, ó yọ ìwé àpò rẹ̀ jáde, ó sì kà á sókè: kí ó gé e gẹ́lẹ́, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ níbẹ̀. Ó ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀. Ó ka déètì.

Ẹnjiníà kúnlẹ̀ síwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. "Màmá, èmi ni mo jẹ̀bi. Ìbàdí àti ìdí ló ṣáájú gígùn nínú ìwé Bàbá, gígùn ló ṣáájú nínú tábìlì tèmi. Mi ò kọ orúkọ àwọn àyè, mi ò sì béèrè. Ẹ̀rọ gbà á nítorí pé ó pé méje, nọ́ńbà sì ni gbogbo ẹ̀. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbàdí."

"Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n," ni ìyá náà wí. Ó bá a wí dáadáa. Ó bi í bóyá ẹnu dùn ún tí kò fi lè béèrè, ó bi í bóyá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí ti rán ọmọlọ́mọ jáde níhòòhò rí. Ẹnjiníà wolẹ̀. Agéṣọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí orin. Ó tilẹ̀ ti ń wo ibi tí òun máa gbé tábìlì sí tí kọ̀ǹpútà bá ti lọ.

Ìyá náà gba aṣọ náà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn nígbà tó ti bọ́ ọ. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó fọwọ́ ra etí rẹ̀ níbi tí àlùmọ́gàjí gbà kọjá.

"Àbúrò mi, nígbà tí o gbé ṣọ́ọ̀kì lé èyí, kí lo rí?"

"Ohun tí wọ́n kọ fún mi ni mo gé, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò béèrè ohun tí o gé. Mo ní kí lo rí?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dákẹ́. Agéṣọ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Kò lè sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn ló mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti fi ojú rẹ̀ fọ́nnu fún wọn láàárọ̀ lálẹ́.

"Mo rí i pé ó kúrú."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ó kúrú."

"Ìkẹta?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ló ní kí n—"

"Mo ti gbọ́ tiẹ̀. Mo ń béèrè tìrẹ. Ìkẹrìnlélọ́gọ́ta ńkọ́?"

Ìyá náà ká aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó ká a dáadáa bí ẹni pé wọ́n ṣì máa rí i lò.

"Àgbà kì í wà lọ́jà," ló wí, kò sì parí rẹ̀. "Ẹni tí kò mọ̀, mo lè kọ́ ọ. Ìwọ tí o mọ̀, tí o tún dákẹ́ nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kí ni kí n kọ́ ọ?"

Olórí Nọ́ọ̀sì fún wọn lọ́jọ́ méjì. Ìyá náà ní kí wọ́n gbé aṣọ funfun tó kù ní yàrá ẹ̀yìn jáde. Ó ní kí Ẹnjiníà pa gbogbo ìlà tó wà nínú tábìlì rẹ̀ rẹ́, kó tún un kọ, kó sì béèrè kó tó kọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ẹnjiníà wí, "èwo ló ṣáájú?"

Agéṣọ sọ ọ́ fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ:

INSERT INTO iwon (nomba, ejika, aya, ibadi, idi, gigun, apa) VALUES (1, 15, 36, 29, 40, 42, 9);

Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, Agéṣọ dìde lọ síbi tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró níbẹ̀, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó," ló wí. "Máa ka nọ́ńbà fún ọkọ ọmọ mi."

Ọjọ́ méjì ni Agéṣọ fi kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gé aṣọ, ó ń sinmi, ó tún ń dìde. Ẹnjiníà ń bi í pé, "Ìbàdí nìyẹn, àbí ìdí?" Agéṣọ ń dá a lóhùn. Ẹ̀wù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló jáde, gbogbo rẹ̀ ló sì bá wọn mu. Kò sí ọ̀kan tí Agéṣọ gé níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìbúra, ìyá náà fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìránṣọ lé ọmọ rẹ̀ àti Ẹnjiníà lọ́wọ́. Ẹnjiníà wá bá Agéṣọ lórí àga tó jókòó sí. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì gígé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣì máa bá wa gé e," ló wí, jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n màá máa wọn èyí àkọ́kọ́ wò, kí ẹ tó gé ìkejì."

Agéṣọ wá ọ̀rọ̀ tó máa fi gún un lára. Ó wá a títí, kò rí. Ó ní òun ti gbọ́.